Bí a Ṣe Ń Gé Orí Ata Rodo Kí Ó Lè Ya: Fún Ẹni Tó Ń Gbin Ata Sẹ́yìnkùlé ní Òṣogbo

Ata rodo tó ga fíofío, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò lẹ́ka, tó fara ti ògiri ilé, kò ṣọ̀wọ́n ní Òṣogbo. Láti Òke-Fìà títí dé Òke-Báálẹ̀, ẹ ó rí i ní ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé tó há mọ́ra, níbi tí oòrùn kì í ti í pẹ́ kó tó lọ. Ẹni tó gbìn ín á máa bomi rin ín, á máa da igbẹ́ adìyẹ sí i nídìí, ata náà á sì máa ga sí i ṣáá. Tó bá wá so, mẹ́rin márùn-ún péré ni yóò so sórí, ìjì òjò kan á sì dá a sí méjì. Kò sí àìsàn kankan tó ń ṣe irú ata bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan orí rẹ̀ nígbà tó yẹ ni.

Bí a ṣe ń gé orí ata ni mo fẹ́ ṣàlàyé, àti bí a ṣe ń yọ ẹ̀ka tí kò wúlò kúrò, àti bí a ṣe ń sọ ata àgbà di ọ̀dọ́. N ó fẹnu ba tòmátì, efinrin àti ewúro níwájú, ṣùgbọ́n ata rodo gan-an ló jẹ mí lógún.

Kí n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: iṣẹ́ yìí kò yẹ gbogbo ènìyàn. Ata tí a gé lórí máa ń pẹ́ kó tó tanná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a fi sílẹ̀ lọ. Ó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dá ata sí odidi eékà, tó fẹ́ gbé e dé ọjà Ìgbónà kí ata tó kún ọjà, kó fi ata rẹ̀ sílẹ̀ kó máa dàgbà bó ṣe mọ̀ ọ́n. Yàtọ̀ sí pé yóò pẹ́, owó alágbàṣe tí yóò máa gé e lọ́kọ̀ọ̀kan á jẹ èrè. Àwa tí a ní garawa ọ̀dà mẹ́fà tàbí poro méjì lẹ́yìn ilé, tí a fẹ́ máa rí ata já fún oṣù púpọ̀, àwa ló wúlò fún.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú igi ata

Ẹ wo abíyá ewé ata dáadáa, ìyẹn ibi tí ewé ti so mọ́ igi. Ojú kékeré kan wà níbẹ̀ tó lè di ẹ̀ka. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ojú wọ̀nyí kì í jí láéláé bí orí igi bá wà ní pípé, nítorí ọ̀mùnú tó wà ní ṣóńṣó orí ló ń dá wọn dúró. Ní 1933, àwọn onímọ̀ méjì, Kenneth Thimann àti Folke Skoog, gé orí irúfẹ́ ẹ̀wà kan, ẹ̀ka sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ lábíyá ewé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi èròjà tí à ń pè ní auxin sí ojú ibi tí wọ́n gé lára àwọn mìíràn, ẹ̀ka náà kò yọ mọ́. Ọ̀mùnú orí ló ń pèsè auxin yìí, tó sì ń rán an sọ̀ kalẹ̀ nínú igi.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ní 2014, àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀wà píì rí i pé ojú ẹ̀ka máa ń jí kí àyípadà auxin tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ṣúgà ló ń tètè dé. Orí igi ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà tí ewé ń ṣe. Bí orí bá ti kúrò, ṣúgà á yà sọ́dọ̀ àwọn ojú tó ti ń sùn lábíyá, wọ́n á sì jí.

Mo mú èyí wá nítorí ó kan ọwọ́ ẹni tó di abẹ mú. Bí ó bá jẹ́ pé ṣúgà ló ń jí ẹ̀ka, ewé sì ni ilé iṣẹ́ ṣúgà, a jẹ́ pé ata tí ewé rẹ̀ kò tíì tó, tàbí tí ewé rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nítorí ebi, kò ní ohun tó máa fi bọ́ ẹ̀ka tuntun. Ẹ gé irú rẹ̀ lórí, yóò dúró gbagidi síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìhu nǹkan kan, ẹ ó sì rò pé gígé kò dára. Ẹ kọ́kọ́ bọ́ ọ ná.

Ata tún ní ìwà tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti efinrin. Igi kan ṣoṣo ló fi ń gòkè, àfìgbà tó bá fẹ́ tanná àkọ́kọ́. Nígbà náà ni yóò pín sí méjì, nígbà mìíràn sí mẹ́ta, òdòdó àkọ́kọ́ á sì jókòó sí àárín oríta náà gan-an. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á tún pín sí méjì pẹ̀lú òdòdó láàárín, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ. Ẹ ó wá rí i pé oríta ló ń mú ata wá. Níbi tí oòrùn bá wà dáadáa, oríta àkọ́kọ́ kì í ga jù, ata náà lè má nílò wa. Níbi tí òjìji ògiri bá wà, igi á ti ga kó tó pín, ẹrù gbogbo á sì wà lókè. Ohun tí a ń fi abẹ ṣe ni pé a ń mú ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ó jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ń gòkè pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á wá ní oríta tirẹ̀.

Ohun èlò, àti ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó

Abẹ tuntun kan tó fún ọmọ ata. Fún ẹ̀ka tó ti gbó díẹ̀, àlùmọ́gàjí mímú. Fún ata àgbà àti ewúro, ọ̀bẹ mímú tàbí ayùn kékeré. Èékánná náà ń ṣiṣẹ́, bí ọ̀mùnú náà bá ṣì rọ̀ tí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá lè já a láìfà á ya. Àdá kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba ata wọn jẹ́ ni pé wọ́n ń ti ara ata kan lọ sí òmíràn pẹ̀lú abẹ kan náà. Oje ata tó ní àrùn á lẹ̀ mọ́ abẹ, á sì wọ ojú egbò ata tó kàn. Ẹ po Hypo tàbí irú omi ìfọṣọ funfun bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n omi mẹ́sàn-án, sínú ife kan. Bí ẹ bá ti gé ata kan tán, ẹ ti abẹ bọ inú rẹ̀ kí ẹ tó gé òmíràn. Sípírítì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn náà dára, òun kì í sì í mú kí irin dípẹtà. Àpapọ̀ Hypo àti omi yìí kì í pẹ́ kó tó sọ agbára nù, nítorí náà ti òní ni kí ẹ pò fún iṣẹ́ òní.

Ẹni tó ń fa sìgá tàbí tó ń fín aṣáà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kan ata tàbí tòmátì. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń bá tábà jà, ó lè wà nínú ewé tábà gbígbẹ fún ọdún púpọ̀ láìkú, ata àti tòmátì sì jẹ́ ìbátan tábà. Ọwọ́ ni ó ń gbà dé ara wọn. Ó tún lè dà bí àwàdà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú ọmọ ata lọ́pọ̀lọpọ̀ níbi kan máa ń ti ọwọ́ bọ inú mílíìkì tí a po láti inú ìyẹ̀fun rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, nítorí purotéènì inú rẹ̀ ń dí fáírọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́. Fún garawa mẹ́fà, ọṣẹ àti omi ti tó yín.

Ìgbà tó yẹ

Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan la fi ń mọ̀ ọ́n. Ata tó yẹ ní gígé ni èyí tó ti ní ewé gidi mẹ́fà sí mẹ́jọ (ẹ má ka ewé méjì àkọ́kọ́ tó bá a jáde nígbà tó hù), tó ga tó íǹṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí kò sì tíì ní ìrudi òdòdó kankan. Ọ̀pọ̀ ata rodo máa ń dé ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹsàn-án lẹ́yìn tó hù, ó wà lọ́wọ́ bí ilẹ̀ ti rí àti bí oòrùn ṣe ń kàn án.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ ata láti ibi tí ẹ ti gbin ọmọ rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan orí rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì ń wá ibi tí yóò dì mú. Ẹ dúró títí ẹ ó fi rí ewé tuntun méjì tó yọ lẹ́yìn lílọ́, tó sì ń dán. Ìyẹn ni àmì pé ó ti fìdí múlẹ̀, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ti àkókò ọdún, àwa níhìn-ín ní ìgbà mẹ́ta. Ẹni tó gbin ọmọ ata nígbà òjò àkọ́rọ̀ ní oṣù kẹta, tó sì lọ́ ọ ní ìparí oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún ni yóò gé e. Èyí ló rọrùn jù, nítorí ilẹ̀ tutù, oòrùn kò sì tíì fara sin. Ẹni tó lọ́ ti ẹ̀ lásìkò ọdún Ọ̀ṣun, nígbà tí òjò sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, yóò gé e ní oṣù kẹsàn-án. Kó ṣọ́ra fún òjò àrọ̀kúrò, nítorí ojú egbò tó bá ń tutù ṣáá kì í tètè jinná. Àwọn tó ń dá àkùrọ̀ létí omi ní tiwọn, kí wọ́n ti gé orí ata kí oṣù kejìlá tó wọlé. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ata tí ewé rẹ̀ ti dín kù nítorí gígé á máa gbẹ láti òkè, omi tí ẹ bá ń bù sí i kò ní tó o.

Gígé gan-an

Ẹ yan òwúrọ̀ tí kò sí òjò, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ lára ewé, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Oòrùn ọjọ́ náà á mú ojú egbò gbẹ kí alẹ́ tó lẹ́. Ẹ ti bomi rin ata náà ní ìrọ̀lẹ́ àná.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ ka ewé gidi sókè. Lókè ewé karùn-ún ni mo fẹ́ràn láti gé. Ewé kẹrin náà dára fún ata tó lágbára. Ìkẹta ti kéré jù, nítorí ewé mẹ́ta kò lè bọ́ igi tó fẹ́ ya ẹ̀ka mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi abẹ sí ìwọ̀n ìlàjì íǹṣì lókè abíyá ewé karùn-ún yìí, ẹ fi ọwọ́ òsì di igi mú nísàlẹ̀ kó má baà mì, kí ẹ sì gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe máa fà á lọ fà á bọ̀. Bí ẹ bá gé e sún mọ́ abíyá jù, ojú ẹ̀ka tó wà níbẹ̀ á gbẹ. Bí ẹ bá fi kùkùté tó gùn sílẹ̀ lókè abíyá, kùkùté náà á kú, àrùn á sì gba ibẹ̀ wọlé.

Àwọn kan á ní dandan ni kí a gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí omi lè ṣàn kúrò. Lára ọmọ ata tí igi rẹ̀ kò nípọn ju lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé lọ, n kò rí ìyàtọ̀ tó ń ṣe. Kí abẹ mú ló ṣe pàtàkì. Lára ẹ̀ka ńlá, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dà á gẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi nǹkan kan kun ojú egbò náà. Kì í ṣe eérú, kì í ṣe epo. Ara rẹ̀ á dì í fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀lé e

Ata náà á dà bíi pé ó dákẹ́ fún bíi ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ewé tó kù á fẹ̀ sí i, àwọ̀ wọn á sì dúdú díẹ̀. Ẹ má gbé ajílẹ̀ lé e ní àsìkò yìí, àgàgà igbẹ́ adìyẹ tútù. Igbẹ́ adìyẹ tí kò tíì jẹrà máa ń gbóná, ó sì lè jó gbòǹgbò. Kódà nígbà tí kò bá jó o, ewé ńlá ńlá ni yóò máa hù láìtanná. Èyí tó ti jẹrà fún oṣù méjì ó kéré tán, tí kò rùn mọ́, ni kí ẹ lò, nígbà tí ẹ̀ka tuntun bá ti gùn tó ìka ọwọ́. Ẹ̀kúnwọ́ kan sí garawa kan tó, ẹ sì rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ òkè, kó jìnnà sí ìdí igi.

Láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ẹ ó rí i pé abíyá ewé ti ń wú. Àwọn tó wà lókè ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ. Bí mẹ́rin bá yọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà tó íǹṣì mẹ́ta kí ẹ tó yan. Ẹ̀ka mẹ́ta sí márùn-ún ló dára fún garawa lítà 20. Èyí tó bá tín-ín-rín jù, tàbí tó ń kọjú sí àárín dípò kó kọjú síta, ẹ fi èékánná já a nígbà tó ṣì rọ̀. Ẹ gbìyànjú kí wọ́n kọjú sí ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí oòrùn lè ráyè dé àárín igi, kí atẹ́gùn sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Abẹ́ ewé tó há tí kò sí atẹ́gùn ni àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ara ewé máa ń pọ̀ sí.

Ṣé a lè tún gé orí àwọn ẹ̀ka tuntun náà? A lè ṣe é fún ata ṣọ̀ḿbọ̀ tó ń yára dàgbà, bí ó bá wù yín. Fún ata rodo, n kò gbà pé ó yẹ. Ẹ̀ẹ̀kan tó o. Ata rodo fúnra rẹ̀ kì í yára, bí a bá tún gé e lẹ́ẹ̀kejì, òjò lè lọ kó tó so.

(Ewúrẹ́ àdúgbò ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ayébáyé, kò sì gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan tilẹ̀ ti rí ata tí ewúrẹ́ jẹ lórí tó wá ya ju ti aládùúgbò lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ewúrẹ́ kì í dúró sí ewé karùn-ún. Ẹ ṣe ọgbà yí i ká.)

Ìsàlẹ̀ igi

Òjò wa níbí kì í rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí ó bá ti bá ilẹ̀ pàdé, á ta ẹrẹ̀ sókè, ẹrẹ̀ náà á lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé tó wà nísàlẹ̀, àwọn àrùn tó ń gbé inú ilẹ̀ á sì bá a gun ara ata. Ibẹ̀ ni ewé ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ní àmì dúdú, tí yóò pọ́n, tí yóò sì máa já bọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Nítorí náà, nígbà tí ata bá ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí yọ àwọn ewé tó fẹ́ kan ilẹ̀ kúrò, méjì méjì lọ́sẹ̀, títí ìwọ̀n íǹṣì mẹ́rin sí mẹ́fà ìsàlẹ̀ igi á fi dá gaara. Àwọn ọmọ ẹ̀ka tó bá yọ níbẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ máa já wọn. Ẹrù lásán ni wọ́n, wọn kì í rí oòrùn. Ẹ wá kó koríko gbígbẹ tàbí ewé gbígbẹ lé ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ìpele rẹ̀ tó íǹṣì méjì, kó má kan igi. Koríko yìí ló ń gba òjò dípò ilẹ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí omi tètè gbẹ.

Ọ̀pá kan ṣoṣo láàárín, pẹ̀lú àjákù aṣọ tí a fi dì í mọ́ra láìfún un, tó láti gbé ata tó ti ya dúró. Ẹ ri ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ kí ẹ̀ka tó pọ̀, kí ẹ má baà gún gbòǹgbò.

Òdòdó àkọ́kọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń sọ pé ká já a dànù. Bí igi bá ṣì kéré tí òdòdó sì ti yọ, ẹ já a, nítorí èso kan ṣoṣo lórí igi kékeré lè dá ìdàgbàsókè rẹ̀ dúró. Bí igi bá ti tó, tí ẹ̀ka mẹ́rin sì ti wà, ẹ fi òdòdó náà sílẹ̀, kò ní pa á lára.

Ìwọ̀n tí kò yẹ kí ẹ kọjá

Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewé ata lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ewé bá kéré jù, oòrùn á bọ́ sórí èso tààrà, ẹ̀gbẹ́ èso tó kọjú sí oòrùn á sì funfun, á rọ̀, á wá jẹrà. Ẹ ó rí irú ata bẹ́ẹ̀ nínú rọ́bà ní Ọjà Ọba, tí ìyá aláta á ti yí ojú funfun rẹ̀ sísàlẹ̀.

Ata tí ewé rẹ̀ ti kákò, tó ní àwọ̀ ewéko àti àwọ̀ ìyeyè pọ̀ mọ́ra, tí ewé tuntun rẹ̀ sì kéré tó rí ṣákálá, gígé kò ní wò ó sàn. Fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń ṣe é. Ẹ fà á tu, ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí ọgbà, kí ẹ fọ ọwọ́ àti abẹ, kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ àwọn yòókù.

Àwọn ìbátan àti àwọn aládùúgbò ata

Tòmátì: ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ẹ gbìn. Roma VF àti UC82B, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Nàìjíríà ń gbìn, kì í ga ju ìwọ̀n kan lọ. Ẹ̀ka wọn á parí sí òdòdó, wọ́n á sì so lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń gé ẹ̀ka irú tòmátì yìí ń gé owó ara rẹ̀ ni. Ewé ìsàlẹ̀ nìkan ni kó yọ. Irú èyí tó ń gòkè láìdúró, tó nílò ọ̀pá gígùn, ló yẹ kí a máa já ọmọ ẹ̀ka abíyá rẹ̀, pàápàá àwọn tó wà nísàlẹ̀ ìṣù òdòdó àkọ́kọ́, nígbà tí wọn kò tíì gùn ju ìka lọ. Orí rẹ̀ kò ṣeé gé títí yóò fi dé orí ọ̀pá.

Efinrin ni mo máa ń gba ẹni tó bẹ̀rù abẹ nímọ̀ràn pé kó fi bẹ̀rẹ̀. Kò mọ ìbínú. Nígbà tó bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ gé orí rẹ̀ lókè ewé méjì tó kọjú síra wọn. Ẹ̀ka méjì ni yóò yọ níbẹ̀. Ẹ tún gé orí méjèèjì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó di mẹ́rin. Èyí tí ẹ gé ti di ti ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó tanná, nítorí bí òdòdó bá ti yọ, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí kéré.

Ewúro tó ti di igi gíga tí a ń fi àkàbà já, ẹ gé e sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì nígbà òjò àkọ́rọ̀. Ọ̀mùnú á bò ó láti ìsàlẹ̀ dókè. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ̀ náà, dípò kí a fà wọ́n tu, a lè gé wọn ní íǹṣì mẹ́rin sí mẹ́fà sílẹ̀, kí a tún padà wá gé èyí tó bá yọ.

Sísọ ata àgbà di ọ̀dọ́

Ata rodo kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ọdún kan lọ́dọ̀ wa. Ilẹ̀ òyìnbó ni òtútù ti ń pa á lọ́dọọdún. Níhìn-ín, ó lè lo ọdún méjì sí mẹ́ta, bí a bá tọ́jú rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ka rẹ̀ á ti gbó, ewé á ti dín, èso rẹ̀ á sì kéré. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fà á tu láti gbin tuntun, gbòǹgbò tó ti fìdí múlẹ̀ fún ọdún kan á sì ṣòfò.

Ẹ dúró kí òjò rọ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹta ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Ẹ fi èékánná ha èèpo igi náà díẹ̀ nísàlẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù tó ní àwọ̀ ewé, ó wà láàyè. Bí ó bá gbẹ tó rí bíi igi ìdáná, ẹ ha ìsàlẹ̀ síi. Bó bá gbẹ títí dé ilẹ̀, ó ti lọ.

Èyí tó wà láàyè, ẹ fi ayùn tàbí ọ̀bẹ gé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ sí íǹṣì mẹ́jọ sí méjìlá sílẹ̀, lókè oríta àkọ́kọ́, kí kùkùté ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣẹ́kù. Kí kùkùté kọ̀ọ̀kan ní oríkèé méjì ó kéré tán, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ka tuntun yóò ti yọ. Bí ewé díẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Mo mọ̀ pé mo sọ pé kí a má kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta. Ata àgbà yàtọ̀, nítorí ó ti kó oúnjẹ pa mọ́ sínú gbòǹgbò àti igi, èyí tí ọmọ ata kò ní.

Bí inú garawa ló wà, ẹ wú ilẹ̀ òkè kúrò ní íǹṣì méjì sí mẹ́ta, ẹ fi ilẹ̀ dúdú tuntun tí a pò mọ́ igbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà rọ́pò rẹ̀. Ẹ yẹ ihò abẹ́ garawa wò. Gbòǹgbò máa ń dí i, omi á wá máa dúró sínú. Omi díẹ̀ ni kí ẹ máa bù sí i títí ewé á fi yọ, nítorí igi tí kò ní ewé kì í mu omi púpọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ lè jẹrà.

Ọ̀mùnú á bẹ̀rẹ̀ sí yọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á sì pọ̀ ju ohun tí ẹ nílò lọ. Ẹ yan bí mo ṣe sọ ọ́ lókè, mẹ́rin sí mẹ́fà tó kọjú síta, ẹ já ìyókù. Ata tí a ṣe báyìí sábà máa ń tanná ṣáájú ọmọ ata tí a gbìn ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

Kí ẹ tó gé ata àgbà yìí, ẹ ká gbogbo èso tó ti pọ́n lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ata tó so dáadáa lọ́dún tó kọjá tí kò sì ní àmì àrùn, ẹ yan èyí tó tóbi tó sì pọ́n dénú nínú èso rẹ̀, ẹ là á, ẹ gbọn kóró rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ sá a síbòji fún bíi ọ̀sẹ̀ kan títí kóró á fi lè ṣẹ́ dípò kó tẹ̀. Ẹ wé e sínú bébà, ẹ gbé e síbi gbígbẹ tí kò gbóná, kí ẹ kọ oṣù àti ọdún sí i lára. Ẹ má fi ọwọ́ tó gbọn kóró náà nu ojú.